Pádì Tó Sọ Alága Di Bọ̀dá

Àga ni ọkùnrin náà ń tún ṣe, àga àwọn dókítà eléyín, èyí tí wọ́n máa ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ sí lórí kí wọ́n tó parọ́ fún un pé kò ní dùn ún. Nítorí àga yìí ni tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Alága. Orúkọ náà ń kó o sí ìtìjú díẹ̀díẹ̀. Bí dókítà kan bá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé, "Alága ń bọ̀ lọ́la," wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á nu fèrèsé, wọ́n á wọ aṣọ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kúkúrú kan á wọlé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká, á ní kí wọ́n fi ibi tí páìpù omi gbà wọlé han òun. Wọ́n á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá alága gangan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kó jókòó sílé. Ìlú kan lónìí, ìlú mìíràn lọ́la. Àga kan kọ̀, kò lọ sókè. Òmíràn lọ sókè tán, ó ní òun ò sọ̀ mọ́, aláìsàn sì wà lórí rẹ̀. Ohun tó ń bá Alága kiri yàtọ̀ sí irinṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ló ń fi ṣe o. Géèmù ló wà fún. Géèmù eré ọkọ̀ ni, níbi tí èèyàn méjì ti lè wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n máa sáré mọ́tò lójú ọ̀nà kan náà, kí wọ́n sì máa gbọ́ èébú ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń sáré. Àǹtí Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí pé ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fọṣọ, tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ó ra kọ̀ǹpútà ńlá kan pé kí òun lè máa fi mọ ẹni tó ni aṣọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wọlé lọ́sàn-án Sátidé tó béèrè ṣòkòtò rẹ̀, "Ẹ ní sùúrù, mo wà ní kọ́nà," ni yóò gbọ́. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló fi ju Alága lọ. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ọdún kan àti oṣù díẹ̀ jẹ́ láàárín ọmọ ìyá. Láti kékeré ni Alága ti ń sọ "ẹ" fún un, tí òun ń sọ "o" fún Alága. Obìnrin náà mọ̀ ọ́n sọ débi pé ó lè fi "ìwọ" kan ṣoṣo sọ ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun di ọmọ tó ń tọ̀ sórí ẹní.

Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan. Àǹtí ti na Alága bó ṣe máa ń nà án, ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sókè, ṣọ́ọ̀bù sì kún.

"Ìwọ ọmọ yìí, inú gọ́tà lo tún já sí! Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Alága gbọ́ ẹ̀rín náà ketekete ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó wà, ara rẹ̀ sì gbóná. Òun tí àwọn dókítà ń sọ "ẹ" fún!

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jẹ́ ká fi nǹkan lé e. Lọ́jọ́ tí mo bá nà yín, èmi ni ẹ̀gbọ́n. Bọ̀dá lẹ ó máa pè mí. 'Ẹ' lẹ ó máa sọ fún mi, èmi á sì máa sọ 'o' fún yín."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí tí ẹ ó fi nà mí padà."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jó ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni. "Mo gbà," ó ní. "Ṣáà lọ ra ọwọ́ tuntun wá, torí ọwọ́ tó o ní yìí, ọmú ló ṣì ń mu."

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tuntun yìí wọ Alága lákínyẹmí ara. Ó jókòó, ó rò ó wò. Ẹ̀gbọ́n òun ń sáré lórí tábìlì tó dúró gbọin, pẹ̀lú kíbọọ̀dù ńlá, pẹ̀lú ọwọ́ tí áyọ́ọ̀nù ti sọ di irin. Òun ńkọ́? Orúnkún ni tábìlì òun, pátákó pẹlẹbẹ tó wà níwájú láptọ́ọ̀pù ló sì ń fi wakọ̀, èyí tí èèyàn ń fi ìka nù bí ẹni ń nu imí adìyẹ. Bí ìka bá làágùn, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó mutí yó. Ó pinnu pé òun á wá ohun mìíràn tí òun á máa fi darí rẹ̀, tó máa ṣe é gbé rìnrìn-àjò.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú kíbọọ̀dù ara láptọ́ọ̀pù náà. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yà sọ́tùn-ún sósì kéré bí ẹ̀wà, nọ́ọ̀tì ńláńlá ló sì ti mọ́ ìka Alága lára. Ariwo títẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi kan ògiri pé, "Ọ̀gá akọ̀wé, ṣé ìwé yẹn ò lè dúró dọ̀la ni?" Lọ́jọ́ kan ó tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀, gbogbo ohun tó wà lójú láptọ́ọ̀pù sì yí orí kodò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Alága dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jẹ́ kí orí òun rọ̀ sísàlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ti ògiri, ó sì sáré bẹ́ẹ̀. Wọ́n nà án. Nígbà tó dìde, òòyì kọ́ ọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún àpótí aṣọ.

Ó ra máòsì. Máòsì dára o, kò sẹ́ni tó máa bú máòsì, ṣùgbọ́n orí kí ni yóò gbé e sí? Kò sí tábìlì ní òtẹ́ẹ̀lì tí Alága ń sùn. Ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, máòsì rì. Ó gbé e sórí itan, itan ń yọ̀. Níkẹyìn ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sì gbé e sórí ikùn ara rẹ̀, nítorí Ọlọ́run ti ṣe é ní ikùn tó tẹ́jú díẹ̀ lókè. Bó bá mí sínú, ọkọ̀ á lọ sápá kan. Bó bá mí síta, á padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí lọ́jọ́ yẹn. Ibi tó ti ń di èémí mú ní kọ́nà tó gbẹ̀yìn ló ti sín, ọkọ̀ fò kúrò lórí afárá, ó di inú odò.

"Kí ló dé?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Mo sín ni."

"Ẹni tó sín ló wakọ̀ sódò? Ó dáa, sinmi."

Nígbà náà ni ó wá ra sítíárìn. Sítíárìn géèmù ni, ó rí rogodo bíi ti mọ́tò gidi, pẹ̀lú pẹ́dà méjì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn Alága, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ sítíárìn yìí, orí rẹ̀ kò pé. Ta ló ń gbé sítíárìn rìnrìn-àjò? Kò wọ àpò, ó gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà ló sì ráyè sí. Ìyá kan tó wọlé kí i kú iṣẹ́, kò kí dẹ́rẹ́bà. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì, Alága ni gbogbo èrò yíjú sí.

"Ẹ rọra wà á o! A ní ọmọ nílé!"

Alága kọ́kọ́ ṣàlàyé. Nígbà tó rí i pé àlàyé kò wọ̀ wọ́n létí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì ní gbogbo kòtò tí wọ́n bá kó sí, títí wọ́n fi dé.

Ilé ìwòsàn eyín kan ló ti fẹ́ lo sítíárìn náà. Sátidé ni, aláìsàn ò sí, ó sì ti tún àga wọn ṣe tán. Ó sọ fún dókítà pé òun fẹ́ jókòó sí i pẹ́ díẹ̀ kí òun mọ̀ bóyá ó dáa. Irọ́ kọ́, òótọ́ tó wọ agbádá ni. Ó de sítíárìn mọ́ apá tí wọ́n ń gbé irinṣẹ́ eyín lé, ó gbé láptọ́ọ̀pù síwájú, ó to pẹ́dà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà méjì tí àga fúnra rẹ̀ ní, èyí tó ń gbé aláìsàn sókè àti èyí tó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì, pẹ́dà mẹ́rin. Ẹni tó bá gbọ́n ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ó ń borí! Lóòótọ́ ni mo wí, Alága wà níwájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti dákẹ́ èébú. Ó kù díẹ̀ kó dópin, ó tẹ bíréèkì. Bíréèkì kọ́ ló tẹ̀. Ẹ̀yìn àga bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, rọra, jẹ́jẹ́, bó ṣe tún un ṣe dáadáa sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè, orí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, iná ńlá tí wọ́n fi ń wo eyín tàn sí i lójú. Àjà ló ń wò. Ó ń yí sítíárìn, ó ń lọgun. Dókítà gbọ́, ó sáré ṣílẹ̀kùn, ó rí ọkùnrin tó nà gbalaja sórí àga tó ń ké. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára.

"Ẹ ya ẹnu dáadáa," ló wí.

Alága sì ya ẹnu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó fi sítíárìn sílẹ̀ fún dókítà náà, tó ní ọmọ nílé, ó sì ra pádì lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta nǹkan fóònù ní ibùdókọ̀. Pádì nìyí, ohun kékeré tí ọwọ́ méjèèjì ń dì mú, tí àtàǹpàkò ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kò béèrè tábìlì, kò béèrè ikùn. Ó wọ inú àpò irinṣẹ́, ó sùn sáàárín púláyà àti nọ́ọ̀tì. Inú Alága dùn débi pé ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí pádì tuntun kan! Kò wúwo, ó dùn ún dì mú, ibi gbogbo la ó jọ máa lọ báyìí."

Àǹtí fura. "Pádì wo? Ọmọ ta ni? Ṣé ìyàwó rẹ gbọ́ sí i?"

"Pádì géèmù ni o!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ti ń wá bàtà mi."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, orí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀ ni Alága jókòó sí, láptọ́ọ̀pù lórí àpò irinṣẹ́. Àtàǹpàkò tó ti ń yí nọ́ọ̀tì láti ìgbà èwe rí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kọ́nà àkọ́kọ́, ó gbà á. Afárá, ó kọjá. Imú ọkọ̀ nìkan ló fi ṣíwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n imú náà tó. Ó gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣe ṣíì. Obìnrin tó mọ ẹ̀tọ́ ni, kò fà á gùn.

"Ẹ kú oríire o, bọ̀dá."

Alága fò sókè, ó ń jó láàárín èrò. Ó wá ku kó dáhùn. Ó la ẹnu kó sọ "o", ahọ́n rẹ̀ kọ̀. "Ẹ... ìw... ẹ ṣé," ló jáde. Láti ọjọ́ yẹn, ọgbọ́n ló ń dá: "Báwo ni ṣọ́ọ̀bù? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ?" Kì í sọ "o", kì í sọ "ẹ", bí ẹni tó ń fò kọjá omi lójú ọ̀nà.

Ó gbádùn oyè rẹ̀ fún bí ọjọ́ kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá wọn obìnrin pè é.

"Àǹtí rẹ ní ìwọ lẹ̀gbọ́n báyìí, ní ìwọ ni kí n máa pè. Ọ̀rọ̀ orúnkún mi ni."

Màmá yẹn sọ̀rọ̀ orúnkún ọ̀tún, ó sọ títí ó fi parí, ó sinmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ tòsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹbí méjì tó ń jà lórí àkàsọ̀ pè, oníkálukú ń fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dá ẹjọ́. Alága dá ẹjọ́ náà pẹ̀lú orí lábẹ́ àga àti fóònù ní èjìká. Àwọn méjèèjì ló bínú sí i. Àǹtí fúnra rẹ̀ kò sì sinmi.

"Bọ̀dá, ẹ̀rọ ìfọṣọ kan ń gbọ̀n bí ẹni tó ní ibà. Kí lẹ rí sí i?"

"Bọ̀dá, aṣọ fèrèsé, ṣé aláwọ̀ ewé ni kí n rà àbí aláwọ̀ aró?"

"Bọ̀dá, eku kan wà ní kíṣìnì mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ìlú mìíràn ni mo wà! Kí ni kí n fi eku ṣe?"

"Ẹ ṣáà dúró tì mí lórí fóònù. Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n."

Ó sì dúró, títí tí eku fi lọ síbi tó ń lọ. Ẹní bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, Alága sì ti pọn tirẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Kò lè jẹun kí fóònù má dún. Níkẹyìn, ó pinnu: òun á sáré pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n òun, wọ́n á sì na òun, kíá. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀; bí òun bá mọ̀ọ́mọ̀ wakọ̀ ságinjù pẹ̀lú pádì lọ́wọ́, á mọ̀. Ohun tó kù ni kí òun lo ohun tó burú jù láyé. Ó padà sórí pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka nù, ó sì wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà àwọn dókítà eyín lé e. Ó fi ìka nù ún lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ kò gbọ́. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mira díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

Eré bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Alága ń wọ́ bí ìgbín, ó ń retí kí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá fìrì. Kò kọjá. Ọkọ̀ Àǹtí ṣì wà lẹ́yìn, ó kọ lu igi, ó fẹ̀yìn rìn, ó tún lọ kọ lu igi náà. Alága dín eré kù. Àǹtí náà dín in kù. Bí wọ́n ṣe ń fà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dé ìlà ìparí pọ̀, àwọn méjèèjì sì dúró gbáà níwájú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ máa lọ ná."

"Rárá o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ." Ó ti gbàgbé pé òun kì í sọ "ẹ̀yin" mọ́.

"Kí lẹ fi ń wakọ̀?"

"Ibọ̀wọ́ dókítà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ìgbọ̀nwọ́."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn oníbàárà fi ń bi Àǹtí léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín rọ̀, Alága bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbà. Ẹ gba oyè yín padà. Orúnkún màmá yẹn ti fẹ́ pa mí."

"N ò gbà á."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà kọjá ìlà yẹn."

"N ò kọjá." Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti wálẹ̀. "Ní tòótọ́, yẹ̀yẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń fi yín ṣe. Mo ní kí ẹ tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Màámi ti kú ni mo ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n, bọ̀dá. Àpótí ni mo ń gùn kí ọwọ́ mi tó tó ìkòkò nígbà náà. Mo ń bi yín bóyá ẹ ti jẹun, mo ń bi Bàbá, mo ń bi gbogbo ẹbí títí dòní. Kò sẹ́ni tó bi èmi rí. Láti ìgbà tí mo ti di àbúrò yìí, mo ń sùn. Mo ń sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é díẹ̀ sí i."

Alága wo láptọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń kùn. Ó rántí ara rẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, bó ṣe kéré tó, bó ṣe ń di etí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú kiri ilé. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti rò pé àgbàlagbà ló di láṣọ mú. Kò ronú sí i rí pé ọmọ tó fi ọdún kan ju ọmọ lọ, ọmọ náà ni. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é, ojú sì tì í.

Ó fi eyín fa ibọ̀wọ́ yọ. Ó fi ìka lásán nu pátákó náà, ọkọ̀ rẹ̀ sì kọjá ìlà.

"Ẹ ti borí mi," ni Àǹtí wí.

"Àbúrò mi," ni Alága wí, "ṣé o ti jẹun?"



"N ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, bọ̀dá mi," ni obìnrin náà dáhùn, ó sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo àwọn tó wá gba aṣọ wọn.